Ta Ló Pè É Ní Uso?

Àwọn tó wá bẹ̀bẹ̀ ti kúnlẹ̀ kí àwa ọlọ́pàá tó dé, bẹ́ẹ̀ a kò tíì mọ ẹni tó ṣẹ̀.

Mo rí wọn láti ojú ọ̀nà. Wọ́n tẹ orí ba lórí koríko tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, níwájú ilé Lemana, olórí ẹbí tí wọ́n wá bẹ̀. Ẹní iyì, irú èyí tí à ń gbé jáde fún òkú àti ìgbéyàwó nìkan, ni wọ́n fi bo ẹni tó wà láàrin wọn mọ́lẹ̀. Ajá kan ń gbóòórùn etí ẹní náà kiri. Ifoga ni à ń pe èyí. Bí ọmọ ilé rẹ bá ta ẹ̀jẹ̀ ọmọ ilé ẹlòmíràn sílẹ̀, ẹ ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ilé wọn kí oòrùn tó yọ. Bí inú bá ń bí wọn, wọ́n lè fi àdá dá yín lóhùn. Bí wọ́n bá ṣí ẹní náà kúrò lórí yín, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú u jáde mọ́.

Lemana jáde tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Ó dúró títí tí ara àwọn tó kúnlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí ẹní náà. Penitoa apẹja ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọkùnrin tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.

"Ó ti parí," ni Lemana wí. Kì í ṣe Penitoa ló ń wò. Àwa ló ń wò.

Sájẹ́ǹtì Fetuao, ọ̀gá tí èmi Kọ́púrù Elisara ń bá ṣiṣẹ́, nu òróró panikeke, àkàrà dídùn tí à ń fi òróró dín, kúrò ní ìka rẹ̀. Obìnrin tó sanra ni, kì í kánjú, àwọn ènìyàn sì máa ń rò pé bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń falẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ náà ṣe ń falẹ̀.

"Elisara," ó bi mí, "kí ló parí?"

"Ifoga ni, ọ̀gá."

"Mo ní ojú, mo rí ifoga. Mo ní, kí ló parí?"

Ohun tí a mọ̀ kò kún ọwọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n fọn ìkarahun òkun ní ìlú Fagaloto yìí láti fi kéde àkókò àdúrà, bí ìṣe wọn. Bí ìkarahun bá ti dún, olúkúlùkù á wọ ilé lọ, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìlú á sì jókòó sí ojú ọ̀nà láti mú ẹni tó bá ń rìn kiri. Orin àdúrà ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan yọ́ wọ ahéré ìránṣọ Moelagi, tó wà lẹ́yìn ilé Lemana. Ó fi aṣọ dì í lójú láti ẹ̀yìn, ó tì í lu máṣíìnì, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ṣẹ́. Ó mú àlùmọ́gàjí Moelagi fúnra rẹ̀, ó fi gé irun rẹ̀ títí dé awọ orí, ó sì gé awọ orí náà mọ́ ọn.

Irun yẹn gùn dé ìbàdí. Faafafine ni Moelagi. Ọkùnrin ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n bí i, obìnrin ni ó sì ń bá ayé lọ, bí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ti ń ṣe ní erékùṣù wa láti ayébáyé. Òun ló ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní ohùn kejì. Òun ló ń rán aṣọ funfun àwọn ọmọdé. Òun ló rán aṣọ tí mo fi sin ìyàwó mi, kò sì jẹ́ kí n rí ipa abẹ́rẹ́ kankan lára rẹ̀.

Ọ̀gá mi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó lọ bá Penitoa níbi tó jókòó sí lórí koríko.

"Penitoa, pẹ̀lẹ́ o. Kí lo fi gé irun náà?"

Ó gbójú sókè wò ó. "Ọ̀bẹ."

"Ọ̀bẹ wo?"

"Ọ̀bẹ ẹja mi, Sájẹ́ǹtì."

"Ó ṣeun." Ó padà sọ́dọ̀ mi, ó sì sọ ọ́ wẹ́lẹ́ sí mi létí pé, "Ọ̀bẹ ẹja! Àlùmọ́gàjí tí irun ń bẹ lẹ́nu rẹ̀ wà nínú àpò lẹ́yìn ọkọ̀ wa. Arákùnrin yìí ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò mọ̀."

*

Lemana fúnra rẹ̀ ló ṣí ahéré ìránṣọ fún wa. Àbúrò ìyá Moelagi ni, ìyá yẹn sì ti kú láti ọdún mélòó kan. Òun ló tọ́ àwọn ọmọ mẹ́ta tí obìnrin náà fi sílẹ̀: Talosaga tó jẹ́ ọkùnrin, Moelagi, àti Tepora tó jẹ́ obìnrin.

Irun wà káàkiri ilẹ̀ bí okùn ọkọ̀ tó tú. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sára ẹsẹ̀ máṣíìnì. Ọ̀gá mi kò wo ìwọ̀nyí pẹ́. Àjà kan ló ń wò, níbi tí aṣọ funfun kan wà, tí wọ́n ká dáadáa sínú aṣọ ibùsùn mímọ́.

"Aṣọ ta nìyẹn?"

"Aṣọ ìgbéyàwó Tepora ni," ni Lemana dáhùn. "Ó ń fẹ́ ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ pásítọ̀. Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Ẹ wò ó, Sájẹ́ǹtì, ayọ̀ kò ní pẹ́ wọ ilé wa. Wọ́n ti kúnlẹ̀, mo ti ṣí ẹní. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kò sí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀," ni ọ̀gá mi wí, bí ẹni tí kò gbọ́ ọ. "Kò sí irun kan ṣoṣo lára rẹ̀."

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, Inspẹ́kítọ̀ wa pè lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ kún inú ọkọ̀. "Wọ́n ní ọkùnrin kan ti jẹ́wọ́. Kí lẹ ń dúró dè? Ẹ mú un wá!"

"A ń bọ̀, ọ̀gá," ni Fetuao wí, ó sì pa fóònù. Ó yíjú sí mi. "Adájọ́ ń bọ̀ ní erékùṣù yìí lọ́la, ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀la náà ni ọsibítù máa dá Moelagi sílẹ̀. Ibo ni yóò lọ?"

"Ilé rẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Ilé rẹ̀. Gbọ́ mi, Elisara. Bí ẹni tó ṣe é bá jẹ́ ará ilé, òfin ìdílé fún adájọ́ lágbára láti pàṣẹ lọ́la gan-an pé kí ẹni náà jìnnà sí Moelagi, kí ó kó kúrò nínú ilé náà bí ó bá gba bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ará ìta, ẹjọ́ á gba ọ̀nà gígùn lọ, ifoga á sì máa bẹ̀bẹ̀ fún un lójú ọ̀nà. Báyìí, ta ni ìlú máa ń kúnlẹ̀ fún?"

"Ẹbí mìíràn."

"A kì í kúnlẹ̀ bẹ ará ilé ẹni. Ní kété tí Lemana ṣí ẹní yẹn, ó ti sọ fún gbogbo Fagaloto pé láti ìta ni ibi ti wá. Ṣé mo ti sọ pé irọ́ ló pa? N kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń sọ ohun tí ẹní náà sọ ni."

Orí mi ti ń dàrú. Mo fi ọkọ̀ sí jíà.

*

"Ẹ má wò mí báyẹn," ni Moelagi wí láti orí ibùsùn. "Mo mọ̀ pé mo jọ àgbọn tí wọ́n bó."

Báńdéèjì wé orí rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú símẹ́ǹtì funfun. Ṣùgbọ́n ó ti kun ètè rẹ̀.

"Àgbọn tó kun ètè," ni ọ̀gá mi dáhùn. "Ṣé ọwọ́ òsì lo fi kùn ún?"

"Ṣé ó hàn?"

"Ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ díẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ọ̀gá mi sọ ọ̀rọ̀ ifoga fún un. Ojú Moelagi le.

"Penitoa? Penitoa kò lè pa ẹfọn tó jẹ ẹ́. N kò fẹ́ ifoga, Sájẹ́ǹtì. Kò sẹ́ni tó bi mí kó tó ṣí ẹní. Ohun tí mo fẹ́ ni àṣẹ adájọ́. Àwọn faafafine ẹlẹgbẹ́ mi ní Apia, olú ìlú, ti sọ fún mi pé ó wà fún èmi náà bó ṣe wà fún ẹnikẹ́ni. Ẹni yẹn sọ pé òun máa padà wá."

"Tún un sọ fún wa, bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an."

Ó pa ojú rẹ̀ dé. "Ó ní, 'Uso, kúrò nílùú yìí. Bí o bá ṣì wà níbí, nígbà mìíràn kì í ṣe irun ni mo máa gé.'"

Ẹ rántí pé nínú èdè wa, "ó" kan náà la ní fún ọkùnrin àti fún obìnrin. Nítorí náà mo bi í pé, "Ṣé ohùn ọkùnrin ni?"

"Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ ni, Kọ́púrù. Ohùn wúyẹ́wúyẹ́ kì í ní akọ, kì í ní abo."

"Ọkùnrin ni," ni mo sọ fún ọ̀gá mi. "Ọ̀rọ̀ náà ti sọ ọ́. Ọkùnrin ló ń pe arákùnrin rẹ̀ ní uso. Ká ní arábìnrin rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, tuafafine ni ì bá pè é. Ẹni tó ń fi yé e pé ọkùnrin ni, pé kí ó yé ṣe bí obìnrin, ni."

Moelagi la ojú, ó wò mí pẹ́. "Bí ẹ ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, Kọ́púrù?"

"Bí o ṣe sọ ọ́ nìyẹn."

"Mo sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ," ó wí, ó sì yíjú sí ògiri.

"Ta ló máa ń pè ọ́ ní uso?" ni ọ̀gá mi bi ẹ̀yìn rẹ̀.

"Gbogbo ọkùnrin tó bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín. Talosaga ẹ̀gbọ́n mi ni olórí wọn."

*

Penitoa jẹ́ kí òtítọ́ jáde ní etí òkun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Ọ̀gá mi kò fi agbára mú un. Ó kàn mú àlùmọ́gàjí jáde láti inú àpò, ó gbé e sórí iyanrìn láàrin wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ panikeke mìíràn.

"Èmi kọ́," ni ọkùnrin náà wí níkẹyìn.

"Èmi náà mọ̀. Kí ló dé tí o fi kúnlẹ̀?"

"Nítorí pé mo jẹ̀bi."

Mo wo ọ̀gá mi, ọ̀gá mi kò wò mí.

"Mo pẹ́ lójú omi," ni Penitoa ń bá a lọ. "Ìkarahun ti dún kí n tó gúnlẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ ọ̀nà bá mú mi, ẹlẹ́dẹ̀ kan gbáko ni màá san fún ìlú, ẹ sì mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ kan ṣoṣo ni màmá mi ní. Mo sá pamọ́ sínú igbó etí omi, lẹ́yìn ahéré. Mo gbọ́ igbe rẹ̀, Sájẹ́ǹtì. Ó kígbe lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà mo gbọ́ àlùmọ́gàjí. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ẹja mi. Mo jókòó síbẹ̀!"

"O rí ẹni tó jáde?"

"Mo rí jákẹ́ẹ̀tì. Jákẹ́ẹ̀tì rọ́gíbì Talosaga, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi lẹ́yìn. Ó fa fìlà ọrùn rẹ̀ borí."

"Talosaga ni, àbí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni?"

Penitoa ronú. "Jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni."

"Ta lo sọ fún?"

"Bàbá wa, Lemana. Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ sọ fún wọn. Wọ́n ní, 'Ṣé o dìde lọ ràn án lọ́wọ́?' Mo ní rárá. Wọ́n ní, 'Ẹni tó gbọ́ igbe tí kò dìde, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mú ẹní wá.'" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Wọn kò purọ́, Sájẹ́ǹtì. Òótọ́ ni mo tọrọ lábẹ́ ẹní yẹn."

A fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí a ti ń gun òkè padà, mo ní, "Ó yanjú, ọ̀gá. Talosaga ni. Òun ló ń pè é ní uso, jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ni, ará ilé sì ni. Ìdí nìyẹn tí Lemana fi wá ẹlòmíràn tí yóò kúnlẹ̀."

"Ó bára mu dáadáa," ni Fetuao wí. "Ta ló wá ká aṣọ funfun yẹn?"

*

A bá Talosaga ní pápá rọ́gíbì, òun àti àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìlú.

"Sájẹ́ǹtì!" ó ké láti ọ̀nà jíjìn. "Ṣé ẹ wá bá wa gbá a ni? A nílò yín níwájú. Kò sẹ́ni tó máa lè tì yín!"

"Bí mo bá ṣubú lù ọ́, ọmọ, ìgbà ìkórè ni wọ́n máa tó hú ọ jáde."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, títí tí ọ̀gá mi fi bi í níbi tó wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Èmi ni mo fọn ìkarahun! Ẹ bi wọ́n. Ojú ọ̀nà ni mo wà títí àdúrà fi parí. A tilẹ̀ mú pásítọ̀ àlejò kan tí kò mọ̀ pé àkókò ti tó, ojú tì wá."

Gbogbo wọn jẹ́rìí sí i. Nígbà tí a lọ bi pásítọ̀ náà pàápàá, ó ṣì ń bínú.

"Jákẹ́ẹ̀tì rẹ ńkọ́?"

"Orí okùn aṣọ nílé ló wà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni."

"Wọ́n ní o máa ń pe Moelagi ní uso."

"Kí ni kí n pè é? Uso mi ni. Inú kan náà la ti jáde, ohun kan náà la bá wáyé." Àwọn kan tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ wò ó, Sájẹ́ǹtì. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò sẹ́. Àmọ́ irun yẹn... Ìyá wa ló máa ń dì í fún un. Nígbà tí màmá kò lè gbé ọwọ́ sókè mọ́, Tepora ló ń bá wọn dì í. Ta ló máa fọwọ́ kan irun yẹn? Ẹ bá mi wá a. Ẹ wá a kí èmi tó wá a."

Ìrètí mi wó lulẹ̀. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà kò lè purọ́ pa pọ̀ mọ́ pásítọ̀ tó ń bínú. Ẹni tó jẹ́wọ́ kò ṣe é. Ẹni tó dà bí ẹni pé ó ṣe é kò sí níbẹ̀. Gbogbo ọ̀nà tí a tọ̀ ló ń dá wa padà sínú ahéré kan tí irun kún ilẹ̀ rẹ̀. Mo bi ara mi bóyá Moelagi kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ẹni tí wọ́n ń gé lórí, kí ni yóò gbọ́?

*

Ó ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ nígbà tí a padà sí ọsibítù. Ẹnì kan ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn náà. Tepora ni, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi òdòdó sí etí, abọ́ kókò àti ẹja tí wọ́n fi omi àgbọn sè wà lórí itan rẹ̀. Ṣíbí ló fi ń bọ́ Moelagi.

"Uso, ya ẹnu," ó ń wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Díẹ̀ sí i, uso. O ò jẹ nǹkan kan látàárọ̀."

Moelagi ya ẹnu. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ bí ó ti ń jẹun. Mo rò pé ọgbẹ́ orí ló ń dùn ún.

Ọ̀gá mi dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. Ó fà mí lápá padà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Elisara. Ìyàwó rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Kí ló máa ń pe àwọn arábìnrin rẹ̀?"

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí ní ohun tí ẹnu rẹ̀ máa ń sọ. Mo gbọ́ ọ kí n tó dáhùn, bó ṣe máa ń ké sí wọn láti ìdí ààrò. "Uso," ni mo wí. Ìgbà náà ni etí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ẹnu mi.

"Ọkùnrin ń pe ọkùnrin ọmọ ìyá rẹ̀ ní uso," ni Fetuao wí. "Obìnrin ń pe obìnrin ọmọ ìyá rẹ̀ ní uso; ọkùnrin ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń pè ní tuagane. Ọmọdé tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ mọ èyí. Kí ló dé tí èmi àti ìwọ fi gbọ́ ti ọkùnrin nìkan?"

Mo yọjú wo Moelagi lórí ibùsùn.

"Nítorí pé nínú ọkàn wa, ọkùnrin ni Moelagi. À ń pè é ní obìnrin lẹ́nu nítorí ìwà ọmọlúàbí. Ká ní a gbà á gbọ́ ni, à bá ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé ẹni tó bá pe obìnrin ní uso, obìnrin ni. Moelagi kò fi nǹkan kan pamọ́ fún wa. Kò kàn lè fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ẹni náà ni."

"Ṣùgbọ́n Talosaga náà ń pè é bẹ́ẹ̀..."

"Talosaga wà lójú ọ̀nà. Jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lórí okùn, níbi tí ọwọ́ ará ilé ti lè tó o láì gba ojú ọ̀nà kọjá. Ẹni tó wọ̀ ọ́ sì dúró láàrin ẹ̀jẹ̀, ó ká aṣọ funfun kan sínú aṣọ mímọ́ kí ó má bàa bàjẹ́. Aṣọ ta ni?"

Ó wọlé, ó fa àga sún mọ́ ibùsùn.

"Tepora, ọmọ mi, aṣọ ìgbéyàwó rẹ lẹ́wà o. Ta ló ká a sórí àjà?"

"Moelagi ni, Màmá," ó dáhùn kíá.

Moelagi gbé ounjẹ ẹnu rẹ̀ mì. Ó wo òkè àjà ilé. "Orí máṣíìnì ló wà," ó wí. "Mo ń ṣẹ́ etí rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí gbogbo nǹkan ṣú lójú mi."

Ṣíbí náà dúró láàrin abọ́ àti ẹnu. Tepora dá a padà sínú abọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ó dún.

"Mo bẹ̀ ọ́," ó sọ fún Moelagi, bí ẹni pé àwa kò sí níbẹ̀. "Mo bẹ̀ ọ́ ná. Ìyá ọkọ mi ní ilé pásítọ̀ kì í ṣe ibi àríwísí. Wọ́n ní tí irun yẹn bá dúró níwájú pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò ní sí ìgbéyàwó. Mo ní kí o gé e, kí o wọ ṣòkòtò lọ́jọ́ kan péré. Ọjọ́ kan péré! O ní rárá."

"Mo ní èmi ló rán aṣọ rẹ, màá sì wọ tèmi."

"Mo rò pé tí kò bá sí irun mọ́, o ò ní lè jáde. N kò fẹ́ kí ọwọ́ rẹ ṣẹ́. Ọlọ́run rí mi, n kò fẹ́ ti ọwọ́ yẹn."

"O ní wàá padà wá." Ohùn Moelagi kò ga rárá. "O gbé àlùmọ́gàjí sí mi lọ́rùn, Tepora. Mo gbọ́ bó ṣe tutù. Ṣé lóòótọ́ lo máa padà wá?"

Tepora wo ọwọ́ ara rẹ̀. "N kò mọ̀," ó wí. Ó sunkún. "N kò mọ̀, uso."

Mo ti gbọ́ ìjẹ́wọ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. N kò tíì gbọ́ èyí tó bà mí lẹ́rù tó ìyẹn.

*

Iyàrá ilé ẹjọ́ kún ní ọjọ́ Ẹtì. Adájọ́ náà jẹ́ obìnrin àgbà kan tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. A ti fi ẹ̀sùn kan Tepora fún ọgbẹ́ àti ọwọ́ tó ṣẹ́. Ìyẹn á ní ọjọ́ tirẹ̀. Ti òní ni àṣẹ ààbò tí Moelagi tọrọ.

Lemana dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè é. "Olúwa mi adájọ́, a ti ṣe ifoga. Mo ti ṣí ẹní. Ọ̀rọ̀ ti parí ní ìlú wa."

"Bàbá, láàrin ilé méjì ni ifoga ti ń sọ̀rọ̀," ni adájọ́ dáhùn. "Wọ́n sọ fún mi pé ilé kan ṣoṣo ni èyí. Òfin tí mo wá lò níbí, ti inú ilé ni, fún gbogbo ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, láìka ohun tí wọ́n bí i sí." Ó yíjú sí Tepora. "Mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹni yìí jẹ́ sí ọ. Kí ni Moelagi jẹ́ sí ọ?"

"Arákùnrin rẹ̀ ni," ni Lemana yára dá sí i. "Tuagane rẹ̀ ni, olúwa mi. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ìdílé ọkọ àfẹ́sọ́nà jókòó sí ìlà kejì, ìyá rẹ̀ nínú fìlà funfun láàrin wọn. Tepora rí wọn. Gbogbo wa rí i bó ṣe rí wọn. Moelagi tẹ orí rẹ̀ ba, báńdéèjì náà dojú kọ wá.

"Rárá," ni Tepora wí. Ó ní láti tún un sọ, nítorí pé ohùn rẹ̀ kò jáde lẹ́ẹ̀kíní. "Kì í ṣe tuagane mi. Uso mi ni."

Obìnrin onífìlà funfun dìde, ó jáde. Àwọn ẹbí rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Adájọ́ dúró kí ilẹ̀kùn tó padé. Ó wá ka àṣẹ náà sókè. Ó ní kí Tepora, uso Moelagi, kó kúrò nínú ilé Lemana lónìí. Kí ó má dé ahéré ìránṣọ náà. Kí ó má fọwọ́ kàn án, kí ó má halẹ̀ mọ́ ọn, kí ó má sì rán ẹnikẹ́ni sí i. Bí ó bá rú u, ẹ̀wọ̀n ni.

N kò mọ ibi tí màá kọjú sí. A ti ṣẹ́gun. Òfin ti dáàbò bo ẹni tó sá wá sábẹ́ rẹ̀. Ó sì tún jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni pe àwọn méjèèjì yìí ní uso níwájú ìjọba, láti lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ni. Mo bi ọ̀gá mi bóyá inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n wá panikeke lọ fún òun.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Moelagi ké sí mi bí mo ti ń kọjá. Ó jókòó sídìí máṣíìnì, gèlè pupa lórí. Ilẹ̀kùn ahéré rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó sì ń kọ ohùn kejì orin kan sínú.

"Kọ́púrù, ẹ bá mi mú aṣọ Tepora yìí lọ fún un. Àṣẹ ní kí ó má sún mọ́ mi. Kò sọ nǹkan kan nípa aṣọ."

Mo gbé e lọ sí ìlú tó tẹ̀ lé Fagaloto, níbi tí Tepora ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Kò bi mí nípa ìgbéyàwó, èmi náà kò bi í, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tíì rí àwọn ẹbí ọkọ láti ọjọ́ náà. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ìka tọ etí rẹ̀ lọ. Àwọn ipa abẹ́rẹ́ náà tẹ́jú, wọ́n tẹ́jú, n kò rí wọn. Lójijì wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, wọ́n ń gùn, wọ́n ń kúrú, bí ìkọ̀wé ọmọdé. Ìka rẹ̀ dúró níbẹ̀.

"Ọwọ́ wo ló fi rán ibí yìí?"

"Òsì," ni mo wí.

Ó mi orí. Ó wá ká aṣọ náà, apá sínú apá, etí sórí etí, ó nà án, ó tún un ká, ó wá aṣọ ibùsùn mímọ́ kan, ó sì fi wé e gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i lórí àjà lọ́jọ́ náà.